Ìwé ìlú tí mo rà ní Yábàá, àti adìyẹ ojú ìwé kẹsàn-án

Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni mò ń ṣe ní Ṣómólú, kò jìnnà sí ọ̀nà Bájúláyé. Ẹni tó bá ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí, ọwọ́ ló fi ń kọ́kọ́ ka ìwé kí ojú tó bá a débẹ̀. Ìwé tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, ojú ìwé 28 ni. Bébà oní-80 gíráàmù ni wọ́n lò nínú, páálí ẹ̀yìn rẹ̀ nípọn, wọ́n sì fi ọ̀rá bò ó kó lè máa dán. Pín-ìn-nì méjì ni wọ́n gún sí i láàárín. Ọ̀kan ti dógùn-ún kí n tó gbé e délé. Ti àwòrán iwájú ló wá burú jù: ẹni tó ṣe é fà á kọjá bó ṣe lè nà, ojú àwọn ọmọ ilé ìwé inú rẹ̀ wá rí bí ògiri tí òjò pa.

₦45,000 ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi. Ẹ má tíì lanu. Owó náà kì í ṣe ti ìwé nìkan.

Ilé iṣẹ́ kan ni wọ́n, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Sábó, Yábàá. Mi ò ní dárúkọ wọn. Wọn kì í gba físà, wọn kì í wá ilé ìwé fún ọmọ ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ tiwọn ni pé, tí ọmọ yín bá ti rí àyè ní yunifásítì kan lókè òkun, wọ́n á ta ìwé kan fún yín tó sọ bí ìlú tó ń lọ ṣe rí, wọ́n á sì jókòó tì yín fún wákàtí méjì lọ́jọ́ Sátidé kí ẹ lè bi wọ́n léèrè ohun tó bá wù yín. "Ìwé ìlú" ni wọ́n ń pè é. Èmi rò pé jìbìtì ni. Ìyàwó mi, tó ń ta èlò ọbẹ̀ ní Tẹ́júoṣó, ló gbọ́ nípa wọn lẹ́nu oníbàárà rẹ̀ kan, ohun tí oníbàárà bá sì ti sọ fún ìyàwó mi, àṣẹ ni.

Àkọ́bí mi, obìnrin, ló rí àyè ní University of Florida láti lọ kàwé kún ìwé nípa kòkòrò. Bẹ́ẹ̀ ni, kòkòrò. Ọmọ tó ń gun orí àga bó bá rí aáyán nílé ìdáná wa! Gainesville ni ìlú náà ń jẹ́. Kí lẹ mọ̀ nípa Gainesville? Èmi náà ò mọ nǹkan kan.

Àwa òbí mẹ́fà la jókòó lọ́jọ́ Sátidé yẹn, lóṣù keje ọdún 2024. Fáànù kan, omi inú ọ̀rá, àti àǹtí kan tó mọ ọ̀rọ̀ sọ. Bàbá kan ń rán ọmọ rẹ̀ lọ sí Lawrence, ní Kansas. Ìyá kan, Ames ní Iowa ni tirẹ̀. A ń wo ara wa lójú bí àwọn tí wọ́n kó sínú ọkọ̀ tí kò ní kọ̀ǹdọ́. Àwa tó jẹ́ pé tí wọ́n bá ti ní Amẹ́ríkà, Houston àti New York ló ń wá sí wa lọ́kàn, ta ló gbọ́ Ames rí?

Àǹtí náà là á yé wa, ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ gbà fún wọn. Ó ní irú àwọn ìlú báyìí, yunifásítì gan-an ni ìlú. Ó ní kí á wo Yábàá títí dé Akọ́kà. Yabatech ti wà níbẹ̀ láti 1947, wọ́n dá UNILAG sílẹ̀ ní 1962, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá kó méjèèjì lọ lónìí, àwọn onífótókópì á sunkún, àwọn onílé Abúlé-Ọjà á sunkún, Èkó fúnra rẹ̀ ò tiẹ̀ ní bojú wẹ̀yìn. Gainesville ò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n ka èèyàn ní 2020, 141,085 ni wọ́n bá níbẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì náà sì lé ní 50,000. Ilé ìwòsàn ńlá tó wà níbẹ̀, ti yunifásítì ni. Pápá ìṣeré, ti yunifásítì ni. Ilé tí wọ́n ń kọ́ láti fi rẹ́ǹtì, ojú akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n ń wò kọ́ ọ.

Ó tún sọ bí ilé ìwé náà ṣe dé ibẹ̀. Ní 1905, ìjọba ìpínlẹ̀ Florida pa àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan pọ̀ di ọ̀kan, Gainesville àti Lake City wá ń du ibi tí wọ́n máa gbé e sí. Gainesville ṣèlérí pé òun á fún wọn lómi lọ́fẹ̀ẹ́. Gainesville ló mú un, ẹ̀kọ́ sì bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní 1906. Bàbá tí ọmọ rẹ̀ ń lọ sí Kansas ní, "Omi?" Àǹtí ní, "Omi o, Dádì." Gbogbo àwa tí a ń ra omi táńkà ló mi orí.

Mo gbé ìwé mi délé tìdùnnú-tìdùnnú. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo jókòó sídìí iná ínfátà tí mo kà á láti páálí dé páálí. Mo dé ojú ìwé kẹsàn-án.

Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà síbẹ̀ pé Gainesville ni olú ìlú adìyẹ lágbàáyé. Wọ́n ní láti 1961 ni òfin ti wà níbẹ̀ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi ọ̀bẹ àti fọ́ọ̀kì jẹ adìyẹ díndín, ọwọ́ ni kí á fi jẹ ẹ́. Mo tún un kà. Mo pe ọmọ mi jáde nínú yàrá, mo ní, "Wá gbọ́ òfin ìlú tí ò ń lọ." Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ní ṣebí ọwọ́ náà la fi ń jẹ ẹ́ nínú ilé yìí, kí ló wá jẹ́ tuntun? Inú mi tiẹ̀ dùn. Mo ní ìlú tó fi òfin de fọ́ọ̀kì, àwọn èèyàn ibẹ̀ á ní láárí.

Ojú ìwé kẹwàá ló wá kó bá mi. Wọ́n ní láti pápákọ̀ òfúrufú Atlanta dé ìlú náà, nǹkan bíi wákàtí kan ni lọ́kọ̀. Mo ṣírò. Delta ń fò tààrà láti Èkó sí Atlanta. Kí ni mo tún ń wá? Mo ra tíkẹ́ẹ̀tì Atlanta, mo ní kí ọmọ wọ tasín láti ibẹ̀.

Ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án kó lọ nígbà tí ọmọ mi ń bá akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ti wà níbẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ọmọ Ìbàdàn ni. Ó sọ pé láti Atlanta lòun máa wọ tasín. Ọmọkùnrin yẹn dákẹ́ ná. Ó wá ní, "Àǹtí, ẹ̀ẹ́ sùn nínú tasín yẹn o." Wákàtí márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni, lójú títì I-75, láti ìpínlẹ̀ Georgia wọ Florida.

Àṣé Gainesville méjì ló wà. Ọ̀kan wà ní Georgia, lókè Atlanta níbẹ̀, ìyẹn ló ń fi adìyẹ yangàn, tó sì ṣe òfin fọ́ọ̀kì láti fi polongo ara rẹ̀. Èkejì ni ti Florida, ìlú yunifásítì tí ọmọ mi ń lọ. Ẹni tó kọ ìwé yẹn ní Sábó ti bu díẹ̀ níbí, bu díẹ̀ lọ́hùn-ún, ó rò ó pọ̀ bí ẹ̀kọ mímu. Ó dà bíi kí ẹ ní ẹ ń lọ sí Ìkòyí, kí ẹnì kan wá júwe Ìkòyí tó wà lápá Ògbómọ̀ṣọ́ fún yín. Ìkòyí náà ni. Ẹ̀yin lẹ ò ní bá ẹni tí ẹ ń wá níbẹ̀.

Owó tó gorí tíkẹ́ẹ̀tì kí ọkọ̀ òfúrufú tó gbé e láti Atlanta dé pápákọ̀ Gainesville gangan, mi ò ní sọ ọ́ níbí. Ìyàwó mi máa ka ohun tí mò ń kọ yìí.

Mo padà sí Sábó. Inú mi ń hó. Àǹtí náà wo ojú ìwé kẹsàn-án, ó wo kẹwàá, ó dijú. "Dádì, ẹ má bínú. Ọmọ tó bá wa kọ ọ́ ló ṣèèṣì." Mo ní ṣé kò sẹ́ni tó kà á kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ ni? Ní ṣọ́ọ̀bù mi, tí ọmọ iṣẹ́ bá tẹ ìwé ìpè ìgbéyàwó tí orúkọ ìyàwó bọ́ sí apá ọkọ, èmi ni mò ń san bébà. Kò bá mi jiyàn. Ó fún mi ní ₦10,000 padà lójú ẹsẹ̀. Mo kà á, ó pé. Ẹ jẹ́ kí n kọ ìyẹn sílẹ̀ fún wọn, torí mo ti bá àwọn kan ṣòwò rí tí wọn ì bá ní adìyẹ ti kó lọ sí Florida lánàá.

Ìwé náà kì í ṣe ìwé burúkú pátápátá, ìyẹn ló ń dùn mí. Ojú ìwé tó sọ̀rọ̀ ẹrù ló dára jù nínú gbogbo rẹ̀. Ìyàwó mi ti di pọ̀nmọ́ gbígbẹ àti ẹran ìgbẹ́ sínú ọ̀rá mẹ́ta, ó fi àwọn aṣọ wé e. Ìwé ní kí á má dán an wò, pé àwọn aṣọ́bodè Amẹ́ríkà ò gba ẹran wọlé, pé kí á kọ orúkọ sára gbogbo oúnjẹ yòókù, kí ọmọ sì kéde wọn tí wọ́n bá bi í. A yọ ẹran. Ẹ̀lúbọ́, ẹja gbígbẹ, edé àti ẹ̀gúsí lílọ̀ ni wọ́n bá lọ, èmi fúnra mi ni mo tẹ orúkọ wọn sórí sítíkà. Ó sọ fún wọn ohun tó gbé, wọ́n wò ó, wọ́n ní kó máa lọ.

Ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ Gatorade náà wù mí. Èmi ò mọ̀ pé yunifásítì yẹn ni wọ́n ti pò ó. Ní 1965, àwọn tó ń kọ́ ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù níbẹ̀ rí i pé oòrùn ń pa àwọn ọmọ náà, wọn kì í tiẹ̀ tọ̀ lẹ́yìn ìdíje. Dókítà Robert Cade àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ po omi, iyọ̀, ṣúgà àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ fún wọn. Gators, ìyẹn àwọn ọ̀nì, lorúkọ ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù yẹn, ibẹ̀ lorúkọ omi náà ti wá. Ìyàwó mi ní kí ló wá fi yàtọ̀ sí omi oníyọ̀ àti ṣúgà tí nọ́ọ̀sì kọ́ òun láti fún ọmọ yìí kan náà nígbà tó ń ṣu? Mo ní ọsàn ni. Owó ńlá ni yunifásítì náà ń rí lórí ọsàn yẹn.

Wọ́n sọ nípa pápá ìṣeré náà pé ó ń gba èèyàn 88,548, wọ́n sì fi í síbẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí Bàbá Ṣómólú lóye, kó ní ó ju ìlọ́po mẹ́ta pápá Teslim Balógun ní Sùúrùlérè lọ. Tàbí kó ní tí wọ́n bá pín gbogbo ará ìlú sọ́nà mẹ́ta, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ìdá méjì. "Irà" ni ìnagijẹ rẹ̀, torí inú irà ni ọ̀nì ń gbé. Ohun tí wọn ò sọ ni pé Sátidé tí wọ́n bá ń gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ (kì í ṣe bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ tiwa, èyí tí wọ́n ń há sábẹ́ apá sá lọ ni), kí ẹni tó fẹ́ ra búrẹ́dì ti rà á lọ́jọ́ Jímọ̀. Ọmọ mi ní gòsílóò ọjọ́ náà rán òun létí Ojúẹlẹ́gba.

Àwọn àdán ńkọ́? Ìpínrọ̀ kan péré ni wọ́n fún wọn, èmi ì bá fún wọn ní ojú ìwé méjì. Àdán ń gbé òrùlé ilé kan ní ọgbà yunifásítì náà, ilé yẹn jóná ní 1987, wọ́n bá kó lọ sábẹ́ ìjókòó pápá eré ìdárayá. Òórùn wọn ò jẹ́ kí èèyàn jókòó wòran. Níbí, a mọ ohun tí a máa ṣe fún wọn. Lọ́hùn-ún, ilé ni wọ́n kọ́ fún wọn, ilé pákó lórí òpó gíga, ní 1991. Àwọn àdán kọ́kọ́ kọ ilé náà fún ọdún mélòó kan kí wọ́n tó wá gbà á. Wọ́n ti pọ̀ níbẹ̀ báyìí, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹgbẹ̀rún. Ọmọ mi pè mí lórí fídíò nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ọ̀gànjọ́ ni lọ́dọ̀ tèmi, ó kọ fóònù sókè. Mo kọ́kọ́ rò pé èéfín ni. Èéfín náà wá ń yí, ó ń fẹ̀, ó gba orí adágún Alice kọjá, ibi tí àwọn ọ̀nì ń gbé. Ó ní, "Dádì, kòkòrò ni wọ́n ń lọ jẹ. Ẹ̀kọ́ mi rèé." Ìyá rẹ̀ tó ti sùn jí, ó ní kí ọmọ òun kúrò nídìí ọ̀nì.

Ojú ìwé 14 ló yẹ kí wọ́n dá gbogbo owó mi padà lé lórí. Ojú ọjọ́. Wọ́n ní ó máa ń gbóná bí Èkó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, òjò máa ń rọ̀ lọ́sàn-án, òtútù díẹ̀ á wà ní Jánúárì. Gbogbo rẹ̀, òótọ́ ni. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ò sí nípa ìjì. Florida! Ibi tó jẹ́ pé láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà títí di òpin oṣù kọkànlá ni wọ́n fi ń ṣọ́ ìjì láti ojú òkun.

Ọmọ mi ò tíì lo oṣù méjì níbẹ̀ tí ìjì Helene fi dé. Wọ́n ti ilé ìwé. Ó ní wọ́n ní kí àwọn fa omi kún inú báàfù, kí àwọn ra búrẹ́dì àti oúnjẹ inú agolo, kí àwọn gba iná sínú fóònù. Mo ní fún ti omi báàfù, ọmọ Ṣómólú ni ẹ́, o ti mọ̀ ọ́n ṣe. A jọ rẹ́rìn-ín. Alẹ́ ọjọ́ 26 oṣù kẹsàn-án ni. Lọ́dọ̀ tiwa, ilẹ̀ ọjọ́ kejì ti fẹ́ mọ́. Mi ò sùn. Mo jókòó sórí àga ní pálọ̀, wọ́n ti mú iná lọ ládùúgbò wa láti ìrọ̀lẹ́, bátìrì ínfátà ti kú. Àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ̀ wọlé: "Dádì, wọ́n ti mú iná lọ." Mo wo òkùnkùn tèmi, mo dá a lóhùn pé, "Níbí náà."

Aago mẹ́rin òwúrọ̀ kọjá díẹ̀ ní Èkó nígbà tí ojú ìjì náà gun ilẹ̀ ní etíkun Florida. Mo ń tẹ nọ́ńbà rẹ̀, kò wọlé. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Ìwé ìlú wà lórí tábìlì níwájú mi, mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i, mo ń wá ìjì nínú rẹ̀ bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́. Adìyẹ nìkan ló wà níbẹ̀. Nígbà tó di nǹkan bí aago méjìlá ọ̀sán ló tó pè, ohùn oorun ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Igi kan wó sórí ọkọ̀ aládùúgbò wọn. Òun sùn ní tirẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, Milton tún dé, ṣùgbọ́n mo ti ra bátìrì tuntun nígbà yẹn.

Àwọn yòókù ò le tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní wákàtí márùn-ún ló wà láàárín Èkó àti Gainesville. Bẹ́ẹ̀ ni, títí di oṣù kọkànlá. Wọ́n á yí aago wọn padà nígbà yẹn, á wá di mẹ́fà, wọn ò kọ ìyẹn, mo sì jí ọmọ ọlọ́mọ lójú oorun ní aago mẹ́fà àárọ̀ ọjọ́ Àìkú. Wọ́n ní RTS, bọ́ọ̀sì tó ń ná ìlú náà, ọ̀fẹ́ ni fún akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fi káàdì hàn; ọmọ mi ní ọ̀fẹ́ kọ́ o, inú owó ilé ìwé ni wọ́n ti gbà á, àti pé lọ́jọ́ Àìkú, ẹni tó bá ń dúró dè é lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì máa bá wọn ní ìdúpẹ́. Ilé gbígbà, wọn ò kọ nǹkan gidi nípa rẹ̀. Oṣù kẹjọ ni gbogbo ìlú ń kó jáde kó wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, yàrá ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ń gbà nínú ilé tó jẹ́ pé mẹ́rin lè máa gbé, ẹ ò sì ní mọ àwọn mẹ́ta tó kù. Ti ata, ìyá rẹ̀ ló dáhùn ìyẹn, kì í ṣe ìwé: ata rodo wà ní Publix, ilé ìtajà ńlá kan lọ́hùn-ún, habanero ni wọ́n ń pè é. Iye tí wọ́n ń ta ẹyọ márùn-ún, ẹ má jẹ́ kí ará Mile 12 gbọ́.

Ṣé mo lè ní kí ẹ lọ? Ìjókòó Sátidé yẹn nìkan tó ₦30,000 lójú mi. Wákàtí méjì láàárín àwọn òbí tí ọ̀rọ̀ kan náà ń jẹ lọ́kàn, pẹ̀lú ẹni tó ní sùúrù. Ìwé náà ni mi ò lè san ₦15,000 fún. Mo mọ iye tí wọ́n fi tẹ ẹ̀dà kan, kò tó ₦3,000, wọn ò sì san kọ́bọ̀ fún ẹni tó máa tún un kà.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ kan kí ẹ tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Oṣù kejì ọdún yìí, àǹtí náà pè mí. Ó fẹ́ tẹ ẹ̀dà kejì, ó rántí pé mo ní mo jẹ́ atẹ̀wé. A ná an, a ná an, ó gé mi dé egungun. Mo ní mo gbà, ṣùgbọ́n adìyẹ gbọ́dọ̀ jáde, ìjì gbọ́dọ̀ wọlé, kí wọ́n sì kọ ọ̀rọ̀ aago oṣù kọkànlá síbẹ̀. Ọmọ mi ló kọ ojú ìwé méjì tó jẹ́ ti ìjì láti ọ̀hún. Igba ẹ̀dà ni mo tẹ̀ fún wọn. Ẹ wá mọ bí ẹ ṣe máa gba ọ̀rọ̀ mi sí, nígbà tí mo ti jẹ níbẹ̀.

Àwọn ẹ̀dà àkọ́kọ́ ò tíì tán lórí pẹpẹ wọn, mo rí wọn níbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Tí ẹ bá débẹ̀, ẹ ṣí ojú ìwé kẹsàn-án kí ẹ tó sanwó. Tí ẹ bá bá adìyẹ níbẹ̀, ẹ ní kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ fún yín. Èyí tí pín-ìn-nì rẹ̀ ò dógùn-ún, iṣẹ́ ọwọ́ mi nìyẹn.